Bí Mo Ṣe Ń Mú Àwọn Ará Ilé Wa Rìn Káàkiri Agbègbè Àkúrẹ́

Àkúrẹ́ kì í ṣe ìlú tí àlejò máa ń dárúkọ pé òun fẹ́ wá wò. Èkó ni wọ́n ń bọ́ sí, Ìbàdàn ni wọ́n ń yà sí, bí wọ́n bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹbí ni wọ́n wá kí. Bàbá wa, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn wá síbí nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 tí wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú. Àkúrẹ́ yìí ni wọ́n bí èmi sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́n ká, ẹnì kan ní Èkó, ẹnì kan ní Àbújá, ẹnì kan ní Manchester. Èmi ni mo kù nílé, ilé mi ni wọ́n sì ń wọ̀ sí, àtàwọn, àtọmọ wọn, àtàwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ lé wọn wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú irú wọn rìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ni pé àárín gbùngbùn ni a wà. Òkè Ìdànrè wà ní gúúsù wa, Ọ̀wọ̀ wà ní ìlà-oòrùn. Bí o bá dojú kọ ọ̀nà Iléṣà, wàá kan Erin-Ìjẹ̀ṣà níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí òkè. Bí o bá sì dé Ìgbàrà-Òkè tó o yà sí ọ̀nà Ìgbàrà-Odò, Ìkọ́gòsì lò ń lọ yẹn, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè lọ ká sì padà wá sùn sílé. Ìjọba ti pín wọn sí ìpínlẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìkọ́gòsì bá Èkìtì lọ ní 1996, Erin-Ìjẹ̀ṣà sì wà ní Ọ̀ṣun. Ìyẹn ò kan àlejò. Dírẹ́bà nìkan ló kàn, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti oṣù Kejìlá 2024 ṣàlàyé, torí òun ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester kó ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn wálé, ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti obìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá. Àbúrò màmá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbàdàn, ní òun náà ń bọ̀, òun ò ní gbọ́ pé àwọn ọmọ òyìnbó wálé kí òun má fojú kàn wọ́n. Màmá Ìbàdàn ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún kan sì ń dà á láàmú.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé ni ẹ̀gbọ́n mi ti nawọ́ fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ti to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: Ìdànrè láàárọ̀, Olúmirìn lọ́sàn-án, Ìkọ́gòsì nírọ̀lẹ́ ká lè lúwẹ̀ẹ́ nínú omi gbígbóná kó tó di alẹ́. Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ẹsẹ̀ ta ni ẹ fi ń ka àkàsọ̀ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n níbi tí Màmá Ìbàdàn na ẹsẹ̀ lé àpótí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ni mo máa ń fi ìrìn náà dá. Ibì kan lóòjọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ó ti gbéra, a ó padà kí oòrùn tó mú jù, gbogbo ìrọ̀lẹ́ sì jẹ́ ti ìsinmi. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn. Bí àgbà bá ṣubú lórí òkè, ìrìn ti gbogbo ẹbí parí nìyẹn.

Ìdànrè la kọ́kọ́ lọ. Àkàsọ̀ 667 ni wọ́n máa ń sọ pé ó wà láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, wọ́n sì ṣe àwọn ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ojú ọ̀run funfun, èyí sì dùn mí díẹ̀, torí bí ojú ọ̀run bá mọ́, àpáta lórí àpáta ni wàá máa rí títí ojú rẹ kò fi ní lọ mọ́. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹnu sì ń yún mi láti sọ fún wọn pé àwọn àpáta yìí ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti dì kí òjò àti oòrùn tó bó ilẹ̀ tó bò wọ́n kúrò. Mo gbé e mì. Àwọn ọmọ wà ní họ́lídè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà ni wọ́n fún wa láti mú wa gòkè. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀, torí ó rí àwọn ọmọ, ó sì gbọ́ ohùn wọn. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, ó dájú pé ó ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: ọdún báyìí, àkàsọ̀ báyìí, UNESCO báyìí. Òótọ́ sì ni, láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbà wọlé sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wa ti ń wo fóònù. Ní ibi ìsinmi kejì, Màmá Ìbàdàn jókòó, ó nu òógùn, ó kọjú sí gáìdì náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òkè yìí náà ni àwọn ìyá yín ń gbé igbá gùn lójoojúmọ́?"

Ńṣe ni ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí padà. Ó bọ́ sínú Yorùbá, ohùn Ìdànrè sì hàn nínú rẹ̀. Ó ní ìyá tó bí bàbá-bàbá òun, orí òkè ni wọ́n bí i sí. Ìsàlẹ̀ ni oko wọn wà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, kó sì gbé iṣu gun òkè nírọ̀lẹ́. Ó ní láti 1923 tí àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sísàlẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kan ni gbogbo wọn kó. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kan nínú ìdílé tiwọn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ta ni yóò máa wo ibojì àwọn baba àwọn. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó lọ́mọ, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí ó bá ní òun ń lọ "sílé", òkè ni wọ́n mọ̀ pé ó ń wí.

Ọmọkùnrin wa ti ki fóònù bọ àpò. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì. Àbúrò rẹ̀ ò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń túmọ̀ fún un sí etí. (Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ń túmọ̀, àmọ́ bí gáìdì bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, gbólóhùn kan péré ni tirẹ̀ ń jẹ́. Ìyàwó wa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.) Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí mo bá mú ènìyàn lọ, kí gáìdì tó la ẹnu ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó fi Yorùbá bá wa sọ ọ́, àwa la ó túmọ̀ fún ẹni tí kò bá gbọ́. Ẹ dán an wò. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó wà nínú ìwé pélébé ni wọ́n máa sọ fún yín. Ní Yorùbá, wọ́n á sọ ti ìyá àgbà wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù, torí wọ́n rí i lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pé nǹkan gidi ló ń sọ.

Mo jókòó ti Màmá Ìbàdàn níbẹ̀, àwọn yòókù gòkè lọ. Ìlú àtijọ́ wà lókè, ààfin Ọwá, kọ́ọ̀tù àtijọ́, ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ mú sọ̀ kalẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹsẹ̀ Agbóògún ni tọmọbìnrin, ojú ẹsẹ̀ tó wà lára àpáta, tí wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn máa ń bá mu, ìbáà jẹ́ ńlá tàbí kékeré, àyàfi ti àjẹ́. Tirẹ̀ bá a mu, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a mu, ti ìyá wọn bá a mu. Bàbá wọn kọ̀ láti ti ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní díákónì ni òun. Màmá Ìbàdàn fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe é yẹ̀yẹ́ títí a fi délé. Èyí tó bí ọmọkùnrin nínú ni orúkọ tí àwọn àlejò fi nǹkan ha sára ògiri àti àpáta. Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò mú wọn. Mi ò rí èsì kan gúnmọ́ fún un.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni ohun tí mi ò fi sínú ètò kankan ṣẹlẹ̀. Ìlú kòkó ni Ìdànrè, àkókò ìkórè sì ni, wọ́n sá kòkó sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà. Màmá Ìbàdàn ní kí dírẹ́bà dúró. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, ra kòkó fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan nígbà ayé Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń bójú tó títà kòkó, kí ìjọba tó fagi lé e ní 1986. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kí obìnrin tó ń ro kòkó náà kú iṣẹ́, ó mú hóró kan, ó fọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò tíì gbẹ. Obìnrin náà ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n, màmá." Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti owó kòkó tó fò sókè lọ́dún yẹn, tí àwọn tó ti pa oko tì ń sáré padà síbẹ̀. Obìnrin náà la pódì tútù kan fún àwọn ọmọ. Wọ́n lá ohun funfun tó bo hóró rẹ̀, ó dùn, ó kan díẹ̀, wọn ò sì gbà pé inú ohun tí wọ́n ń lá yẹn ni ṣokoléètì ti ń wá. Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé a pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àmọ́ ibo tún là ń sáré lọ?

Olúmirìn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìpele méje ló ní, ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá èkíní tàbí èkejì, ìyẹn náà sì tó. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Akinlà, tó ti Ifẹ̀ wá, ló rí i nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí. Kí ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kí ẹ má wọ sìlípáàsì, kí ẹ sì mú aṣọ ìpààrọ̀ dání. Ẹ má lọ ní ọjọ́ kejì Àjíǹde tàbí nígbà Iléyá, àfi bó bá jẹ́ èrò lẹ fẹ́ wò. Ní oṣù Kejìlá, omi rẹ̀ ti fà díẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ló máa ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà ni àpáta rẹ̀ ń yọ̀ jù. Mi ò ní mú ọmọ kékeré lọ nígbà yẹn.

Ìkọ́gòsì ni ti Màmá Ìbàdàn. Kò sí àkàsọ̀ tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀, igi ṣíji bo gbogbo rẹ̀, ènìyàn á sì ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, á ti èkejì bọ tútù. Wọ́n ní ìyàwó ọkùnrin kan ni àwọn méjèèjì, tí wọ́n di omi: èyí tó gbóná ni ìyáálé tí inú ń bí, èyí tó tutù ni ìyàwó kékeré. Ibòmíràn ni wọ́n ti máa ń sọ pé ìyàwó kékeré ló gbóná. Màmá Ìbàdàn, tó jẹ́ ìyáálé nílé ọkọ tirẹ̀, ní òun mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, òun ò sì ní sọ. Ọmọkùnrin bi mí bóyá òkè tó ń yọ iná ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí ni mo dáhùn, torí òun ló bi mí: òjò ló ń wọ inú ilẹ̀ gba àárín àpáta tó ti sán, ó ń lọ jìnnà sísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná, lẹ́yìn náà ló ń wá ọ̀nà gba òkè padà. Kò sí iná kankan níbẹ̀. Ó jọ pé ì bá wù ú kó jẹ́ iná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọkùnrin kan tún dúró níwájú, wọ́n ní owó àdúgbò wà, wọ́n ní owó fọ́tò wà. Inú ti ń bí ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo kí wọn dáadáa, mo bèèrè ìwé owó náà, mo sì béèrè ẹni tó jẹ́ olórí wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí kò bá sí ìwé, owó náà á di ohun tí a bá fínnúfíndọ̀ fún wọn. Ẹ kó náírà tó ṣẹ́ dáadáa dání, torí ẹ̀rọ POS kì í sábà wà níbi tí àpáta àti omi wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì ṣeé gbára lé fún tiransífà. Mo sì máa ń fún gáìdì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, sọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti parí. Oúnjẹ, inú kúlà la fi ń gbé e láti ilé: ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, omi púpọ̀. Iyán dúró de ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá jẹ iyán Èkìtì kó tó gun òkè yóò sùn sójú ọ̀nà ni.

Ọ̀wọ̀ ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè fún, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Kò sí omi, kò sí àpáta tí ènìyàn máa dúró lé ya fọ́tò. Ààfin ńlá ni, tó ní àgbàlá lórí àgbàlá, àti mùsíọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igbó Ọlájà tó wà nínú ìlú náà ni Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ti wú àwọn ère amọ̀ jáde láàárín 1969 sí 1971, àwọn ère tó fi hàn pé Ọ̀wọ̀ mọ ọwọ́ Ifẹ̀, ó mọ ọwọ́ Bìní, ó sì ní ọwọ́ tirẹ̀. Bí mo bá dárúkọ Ọ̀wọ̀ fún àlejò, ojú wọn á sú. Mo máa ń fi í sí ọjọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ẹsẹ̀ bá ti ń dùn wọ́n, tó sì wù wọ́n láti wọ inú ilé.

Ọmọkùnrin wa ti bá ilé ìwé rẹ̀ lọ sí British Museum ní London rí. Ó rántí àwọn idẹ Bìní. Ọkùnrin tó mú wa yíká bi í bóyá ó rí ọnà eyín erin níbẹ̀. Ó ní òun rí i, Bìní ni òun rò pé ó ti wá. Ọkùnrin náà ní àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ọ̀wọ̀, pé àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀wọ̀ ò kẹ̀rẹ̀ nídìí eyín erin. Ó wá ṣàlàyé bí a ṣe ń dá ọwọ́ ìlú kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, ó ń fi ìka tọ́ka sójú, sí etí, sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Yorùbá ló fi ń sọ ọ́, ọmọ náà ò sì dúró de ìtumọ̀ ìyá rẹ̀. Ó bèèrè pé ṣé àwọn tó wà ní London máa padà wá sílé. Ọkùnrin náà ní, "Ìwọ lo ń gbé ibẹ̀. Bá wa bi wọ́n."

Ìyàwó wa ti ránṣẹ́ pé wọ́n tún fẹ́ wá. Oṣù Kejìlá ni wọ́n fẹ́, torí ìgbà náà ni ilé ìwé ń fún wọn láyè. Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá lè rí i ṣe, kí wọ́n tètè wọlé níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, kí ọyẹ́ tó bo Ìdànrè. Owó ọkọ̀ òfuurufú náà kì í tíì fi bẹ́ẹ̀ gun òkè nígbà yẹn. Màmá Ìbàdàn ní tòun ò kan ọkọ̀ òfuurufú. Kí n ṣáà bá òun ra bàtà tó di ilẹ̀ mú, nọ́ńbà ogójì, torí ibi ìsinmi kẹta ni òun fẹ́ dé lọ́tẹ̀ yìí.